Ìwé Atọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Di Ọ̀gá nínú Ọ̀rọ̀ Fíìmù ní Alímọ̀ṣọ́

Ìwọ tó o fẹ́ kí aráyé máa bọ̀wọ̀ fún ọ nídìí ọ̀rọ̀ fíìmù, àmọ́ tí o kò ní sùúrù láti wo ẹyọ kan parí, ìwọ ni mo ń bá wí. Fa àga jókòó. Iṣẹ́ yìí kò béèrè ìwé ẹ̀rí, kò sì béèrè owó ìdókòwò. Ohùn tó bá ti lè borí jẹnẹrétọ̀ ti tó ọ. Ibi tí o ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yìí náà dára. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní 1,277,714 ni àwa tó ń gbé Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yarí, wọ́n ní 2,047,026 ni àwọn kà. Èyí tó wù ọ́ ni kí o gbà gbọ́, etí tó máa gbọ́ ọ kò ní wọ́n ọ. Bí ìjọba méjì bá sì lè wo ojú ibì kan náà, kí wọ́n fi èèyàn tó lé ní 760,000 yàtọ̀ síra, ta ló máa mú ọ bí o bá wo fíìmù, tí o wá ń sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀?

Ibi tí o máa jókòó sí ni ká kọ́kọ́ yanjú. Má lọ sílé sinimá. Wọ́n á paná níbẹ̀, gbogbo èèyàn á dákẹ́, o ò ní ráyè fi ara rẹ hàn. Lagos Theatre tí ìjọba kọ́ sí Ìgàndò náà, máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ṣọ́ọ̀bù agẹrun ló yẹ ọ, pàápàá àwọn tó wà láyìíká ráńdábáòtù Ìkòtún, níbi tí ariwo kọ́ńdọ́ọ̀tọ̀ tó ń pe Ìgàndò, Ìjẹ̀gùn, Ìyànà-Ìpájà ti ń bo ìdajì ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré mọ́lẹ̀. Ìdajì tó kù, kílípà agẹrun á gbé e lọ. Nígbà tí kò sí ẹni tó gbọ́ fíìmù náà dáadáa, kò sí ẹni tó máa já ọ nírọ́.

Ibi tí o gbọ́dọ̀ sá fún ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Mo mọ̀ pé o rò pé eré lásán ni àwọn obìnrin tó ń jókòó síbẹ̀ lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Àkọwọ́njọ ń ṣe. Wọ́n á dójú tì ọ́. Ẹni tó bá wá dirun wẹ́wẹ́ kò tún ní ibi tó ń lọ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀. Ó máa wo apá kìíní, ó máa wo apá kejì, ó máa wo ìpolówó, ó tún máa ka orúkọ ẹni tó se oúnjẹ fún àwọn òṣèré. Onídìrí fúnra rẹ̀ ló wá burú jù. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí oníbàárà. Ó ń yarun, ó ń fa àtaṣímẹ́ǹtì yọ, ó ń hun ún mọ́ ọn. Etí ló fi ń wo fíìmù. Wo ọwọ́ rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ geere, ọwọ́ náà ń lọ geere. Bí ọkùnrin inú fíìmù bá purọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ náà á dúró, á ní “hẹn-ẹ́n”, kò sì ní gbójú sókè. Kí wọ́n tó pe orúkọ ìyá ọkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó ti fi bó ṣe ń kí àwọn ará ilé mọ̀ pé wàhálà dé. Ìgbà kan ṣoṣo tó máa wo tẹlifíṣọ̀n ni ìgbà tí ẹnu gbogbo wọn bá pa, tó ku orin arò nìkan. Ó fẹ́ mọ ẹni tó kú ni.

Etí ni gbogbo wa fi ń wo fíìmù Yorùbá, ó sì ti pẹ́. Orí ìtàgé ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é fún wa ti wá, Ògúndé, Adé Love, Bàbá Sàlá, àwọn tó máa ń ru ẹrù eré wọn láti ìlú dé ìlú. Lórí ìtàgé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá kò rí ojú rẹ. Ohun tí o kò bá fẹnu sọ, o kò ṣe é. Òyìnbó lè gbé kámẹ́rà síwájú ojú èèyàn títí, kí àwa máa ro ohun tó wà níkùn rẹ̀. Tiwa á là á sílẹ̀, á fi òwe tì í, á tún fi èpè lé e. Àwọn kan ní àbùkù ni. Lójú tèmi, ó di àbùkù nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu náà bá jẹ́ ràdàràdà. Nígbà tó bá jẹ́ ojúlówó, kò sí kámẹ́rà tó lè bá a du ipò. Ṣùgbọ́n kí ni tèmi ti jẹ́? Ìwọ là ń kọ́ níṣẹ́.

Má ṣe béèrè ohun tí fíìmù dá lé lórí láé. Béèrè pé, “Ta ló wà níbẹ̀?” Wo pósítà, kí o ka orí. Bí orí bá ti lé ní mẹ́wàá, fíìmù gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méje nínú wọn kàn wọlé wá kí ìyàwó ilé, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n dìde, wọ́n gbowó wọn, wọ́n lọ. Bí o bá rí Ọdúnladé Adékọ́lá, rẹ́rìn-ín kó tó lanu. Bí o kò bá rí ojú kankan tí o mọ̀, ní “àwọn ọmọ kékeré ló ṣe èyí”, kí o yí i kúrò.

Lẹ́yìn náà, da òṣèré pọ̀ mọ́ ipa tó kó. Ẹni tó bá ṣìkà nínú fíìmù, ìkà ni nílé. Ẹni tó bá ń ṣe wòlíì, gbàdúrà sí i. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn òbí ti ń fi ojú Ìyá Gbọ́nkán dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ jẹun, ìwọ náà má jẹ́ kí àṣà yẹn kú. Ní ti Abíjà àti Fádèyí Olóró, sọ pé ọfọ̀ tí wọ́n ń pè yẹn, ojúlówó ni, pé ẹnì kan tí o mọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń yà á, pé ilẹ̀ mì tìtì. Nígbà tí àìsàn dá Fádèyí Olóró gúnlẹ̀, ó bọ́ síta, ó ń bẹ aráàlú kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti fi tọ́jú ara, ó sì kú lóṣù kẹta ọdún 2023. Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú. Bí o bá ronú lé e, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń san fún àwọn àgbà òṣèré, ìyẹn kò sì sí nínú iṣẹ́ tí o wá kọ́.

Àti kékeré la ti mọ̀ pé ákítọ̀ kì í kú, bọ́ọ̀sì, olórí àwọn ọ̀tá rẹ̀, ló máa ń kú. Fíìmù tí ákítọ̀ bá kú sí, wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Béèrè owó dátà rẹ.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá fẹ́ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, sá wọnú àtijọ́. Ní “tayé Ògúndé ló dùn”. Ìgbà tí Ògúndé kú ní 1990, wọn ò tíì bí ọ, tàbí kẹ̀, o ṣì ń rá kòrò. Ìyẹn ò ní kí o má sọ ọ́. Kí apanilẹ́nu kan má baà ká ọ mọ́, há díẹ̀ sórí: Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí, tí Adé Love wà nínú rẹ̀, jáde ní 1976, Ayé ti Ògúndé, 1979, Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá, 1982. Má fi ẹyọ kan kún un. Bí wọ́n bá ní kí o sọ ìtàn inú wọn, wòkè, mí kanlẹ̀, kí o ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí.”

Ọ̀run Móoru yẹn, rọra ṣe é o. Bàbá Sàlá kó owó ńlá lé e lórí, ó sì ń retí pé kó wọlé padà. Àwọn kan gba ẹ̀yìnkùlé dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, ọkùnrin tó ti ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín wá di onígbèsè. Ìwọ, kẹ́dùn rẹ̀ dáadáa. Sọ pé orílẹ̀-èdè yìí kò mọyì ọmọ rẹ̀, pé ẹkún ni o sun lọ́jọ́ tí o gbọ́ pé ó kú ní 2018. Bí omijé náà ti ń gbẹ lọ, mú fóònù rẹ, kí o fi fíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sinimá lọ́sẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lórí Telegram. Èyí tí ẹnì kan jókòó fi fóònù yà nínú ilé sinimá ni kí o wá. Wàá dá a mọ̀: àwòrán náà wọ́ sápá kan, orí ọkùnrin kan á dìde láàárín ìjà, á gba iwájú lọ ilé ìtọ̀, á padà wá pẹ̀lú gúgúrú, ẹni tó jókòó ti ayàwòrán á máa rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó dé, torí ó ti wò ó rí. Bí o bá wò ó tán, bú àwọn tó ṣe fíìmù náà pé àwòrán wọn kò mọ́lẹ̀.

Kò sí bí o ṣe lè yí i, ẹnì kan máa dárúkọ Ṣaworoidẹ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Ìwọ, sọ pé fíìmù ìlù ni, pé ìlù ló pa ọba. Dúró síbẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fà ọ́ débi ìdí tó fi pa á.

Àyàfi kí n yà díẹ̀, torí ibi ìdí yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo fíìmù tí mo tíì wò. Ìlú Jogbo ní májẹ̀mú pẹ̀lú ọba rẹ̀. Ẹni tó bá máa dé adé gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́, kó sì búra. Lápìtẹ́, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ adé, kò fẹ́ ìbúra. Ó mọ ohun tó fẹ́ fi ìlú ṣe kó tó gorí oyè. Láti ọjọ́ náà, ọba tó ní gbogbo ìlú níkàáwọ́ wá ń sá fún ìlù kan ṣoṣo, torí bó bá gbọ́ ọ tòun tadé lórí, ó parí nìyẹn. Ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn agégedú, igbó ń run, àwọn ìjòyè ń bá a jẹ ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ yarí. Wọ́n wá ké sí ológun. Ológun náà, Lágátà, dé, ó gba ìlú, ó fi adé sórí ara rẹ̀. Òun náà kò búra. Ayán lu ìlù náà níṣojú gbogbo èèyàn, ìlù ò sì béèrè bóyá ìbọn wà lọ́wọ́ ẹni tó dé adé. Wọn kò pe orúkọ ológun kankan tí a mọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó wò ó lọ́dún yẹn tó nílò kí wọ́n pè é.

Òpálábá tún wà níbẹ̀, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, arúgbó tó ń bá ọba sọ òótọ́ lójú agbo, tó ń fi ẹ̀fẹ̀ àti òwe dì í débi pé ẹni tó yẹ kó bínú ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Di ojú rẹ kí o gbọ́ ọ. Fálétí kú ní 2017, Ìṣọ̀lá tẹ̀ lé e ní 2018, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó ń fi irú ẹnu yẹn kọ ọ̀rọ̀ fún òṣèré mọ́. Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé Ṣaworoidẹ ní 2002 kò tó o, bó ti wù kí wọ́n jà fún un tó. Ọba rere ni wọ́n fi jẹ níbẹ̀, ọba rere kì í sì í fún eré níṣẹ́ ṣe púpọ̀. Bí ẹ bá ní Ó Le Kú, fíìmù Ìṣọ̀lá àti Kèlání mìíràn, ni kí n wò lónìí, mo máa wò ó. Àwọn tó rántí rẹ̀ nítorí ìró àti bùbá kékeré tí gbogbo obìnrin wá ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò jẹ̀bi; aṣọ náà dára. Àmọ́ Àjàní, ọkùnrin inú fíìmù náà, ni kí ẹ wò, bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ba ayé àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, tí kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí òmùgọ̀.

Àwọn fíìmù ogun àti ààfin tó ń bọ́ sórí Netflix láìpẹ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ àti ọfọ̀ ni kí o fi wọ̀n wọ́n. Bí kámẹ́rà bá fò lókè igbó, tó fi àwọn ọmọ ogun hàn bí ìjàlọ, pàtẹ́wọ́. Bí o bá wo Àníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde ní 2022, sọ pé obìnrin ló ba ti Ṣàró jẹ́. Kò kàn ọ́ pé Arọ́lákẹ́ tó fi ipò olorì sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ló dúró tì í nígbà tí kò ní nǹkan kan, pé nígbà tí agbára àtijí òkú bọ́ sí Ṣàró lọ́wọ́, ó ń fẹ́ ìyàwó léra wọn, ó wá ní ọmọ ọba ni kí wọ́n fi san owó iṣẹ́ òun. Bí o bá sọ ìyẹn, àríyànjiyàn á tán, kò sì yẹ kó tán kí wọ́n tó gẹrun rẹ tán. Jagun Jagun ti 2023, sọ pé ìjà inú rẹ̀ ló dáa jù. Lójú tèmi, ìgbà tí Ògúndìjì, ìyẹn Fẹ́mi Adébáyọ̀, bá ń rọra sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kì í ṣe ìgbà tó bá ń jágbe, ṣùgbọ́n ìwọ, ka orí tó já bọ́.

Owó náà jẹ́ òṣùwọ̀n. Fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé, A Tribe Called Judah, tó jáde lóṣù kejìlá 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá. Sọ ọ́ bí ẹni tó ní ìpín níbẹ̀. “A ti pa bílíọ̀nù o!” Ìwọ tó ń yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ agẹrun. Bí o kò bá fẹ́ràn obìnrin náà, yí i padà, kí o ní ijó tó ń jó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló tà á. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ sọ ni pé ó ti pẹ́ tí etí wa ti gba obìnrin yìí wọlé. Láti 2008 tó ti ṣe Jénífà, gbogbo àdúgbò ló ń sín Gẹ̀ẹ́sì Sùlíátù, ọmọbìnrin tó ṣe nínú rẹ̀, jẹ, títí kan àwọn tó ń bú u pé ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́.

Fíìmù Índíà inú Zee World, bí o bá jẹ́ ọkùnrin, bú u níta. Sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ojú kan fi ń yí wo ojú kejì. Nílé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìjókòó, kí o gbé fóònù sójú bí ẹni tó ń ka ìròyìn.

“Ṣé ó ti wá mọ̀ pé ìyá ọkọ ló gbé májèlé sínú ẹ̀?”

“Bàbá Sọdíìq, ṣebí ẹ ní ẹ kì í wò ó?”

“Mi ò wò ó. Mo kàn béèrè ni.”

Bí ẹnì kan bá gbó ọ lẹ́nu níwájú èrò, má dá a lóhùn lórí fíìmù. Bi í pé, “Ìwọ ti ṣe fíìmù rí?” Ìbéèrè yìí ti lé olùkọ́ Yunifásítì jáde nínú ṣọ́ọ̀bù agẹrun tòun ti ìdajì irun lórí. Bí kò bá lọ, sọ fún un pé nǹkan tẹ̀mí ni, kò lè yé e. Bí kò bá tún lọ, ní kí wọ́n yí i sí bọ́ọ̀lù.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kan wọ́n á ní kí o dárúkọ fíìmù tí o fẹ́ràn jù láyé. Má dárúkọ èyí tí wọ́n ti wò, wọ́n á bi ọ́ ní nǹkan. Má dárúkọ ti àtijọ́ náà, àgbàlagbà kan lè wà ní kọ̀rọ̀ tó ń dúró kí wọ́n gẹ irùngbọ̀n rẹ̀. Dárúkọ èyí tó ń bọ̀ lóṣù kejìlá, tí o kàn rí pósítà rẹ̀ lára dáńfó. Bí wọ́n bá ní kò tíì jáde, sọ fún wọn pé wọn ò tíì bà á jẹ́ nìyẹn.